Dígí Tí A Lọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ Dé Aginjù Nàmíbíà

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró ní ọjà Boundary láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo rà bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. N ò lọ ra ọjà. N ò lọ tọ́jú ọmọ tuntun. Òkùnkùn ni mo lọ wò. Ọ̀kan nínú yín ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá jẹ́ òkùnkùn ni, a ní in ní Ajégúnlẹ̀ débi pé a lè dì í sínú kọ̀ńténà kí a fi ránṣẹ́ sókè òkun. Irọ́ ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, iná èbúté Àpápá kì í kú. Àwọn ẹ̀rọ tó ń já ẹrù ń tànmọ́lẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi ń tànmọ́lẹ̀, ojú ọ̀run wa a sì pọ́n bí ojú ọbẹ̀ epo. Ìràwọ̀ tí ènìyàn lè kà níbẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ lọ.

Gíláàsì tí n ò gé

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, Sìdíkátù ni mí, agé-gíláàsì. Bí fèrèsé yín bá fọ́, èmi lẹ ń wá. Ní ọjọ́ kan, mo ra gíláàsì róbótó kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ palẹ̀. Gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ ni, ó nípọn ju ìwọ̀n àtàǹpàkò mi lọ. Mo fẹ́ fi ṣe orí tábìlì. Ibi tí mo ti ń nù ún ni Tísà Adéníyì ti bá mi. Àwọn ló kọ́ mi ní físíìsì nígbà tí mo wà níléèwé girama. Wọ́n ti fẹ̀yìntì tipẹ́, ilé wọn kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé gíláàsì náà.

“Sìdíkátù, má gé eléyìí.”

Wọ́n ní ó lè di dígí awò ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà lójú ọ̀run. Mo rò pé eré ni. Oṣù mẹ́rìnlá la fi lọ̀ ọ́. A gbé e lé orí dúrọ́ọ̀mù kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, a bu iyanrìn líle àti omi sáàárín òun àti gíláàsì mìíràn, a ń tì í, a ń fà á, a sì ń yí dúrọ́ọ̀mù náà ká bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, kí ojú rẹ̀ lè jinnú dọ́gba. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kọjá a bọ́ sí òdìkejì títì, wọ́n rò pé ètùtù ni à ń ṣe. Oníkẹ̀kẹ́ kan wà tó máa ń kí mi láràárọ̀ pé, “Màmá, this your glass never done?” Iyanrìn ni mo tún ń bù sí i. Nígbà tó dán tán, Tísà fi oògùn po fàdákà, a sì dà á sójú rẹ̀ kó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà.

A fi wo òṣùpá, ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Tísà ń wá nìyẹn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé gbogbo ìràwọ̀ tí à ń fojú wa rí jẹ́ ara agbo ìràwọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ayé wa yìí wà nínú rẹ̀. Àwọn olóyìnbó ń pè é ní gálásì. Agbo mìíràn wà lẹ́yìn tiwa, wọn ò lóǹkà, wọ́n sì jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ wọn ti gbéra kí ènìyàn kankan tó wà lórí ilẹ̀. Tísà fi gbogbo ayé iṣẹ́ wọn kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn agbo yìí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run Ajégúnlẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fojú kan ẹyọ kan.

Nínú ẹgbẹ́ àwọn awòràwọ̀ tí a bá pàdé lórí fóònù, ọkùnrin kan sọ gbangba pé gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n máa ń pàdé ní oko kan ní Nàmíbíà, ní kí a gbé dígí wa wá kí a wò ó. Orúnkún ń da Tísà láàmú, nítorí náà èmi ni ìrìn-àjò já lé. Wọ́n kọ nọ́ńbà tí a fi ń wá agbo ìràwọ̀ kan lójú ọ̀run sórí bébà fún mi. Wọ́n ní kò mọ́lẹ̀ rárá, pé bí dígí wa bá lè fi ìyẹn hàn, iṣẹ́ wa ò já sí asán.

“Má bá mi mú ọ̀rọ̀ dídùn bọ̀,” ni wọ́n wí. “Ohun tí o bá rí ni kí o yà. Bí o ò bá rí nǹkan kan, mú ìwé funfun bọ̀.”

Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń kí ẹni

Mo fi ìró méjì àti tówẹ̀lì mẹ́ta wé dígí náà, mo sì gbé e lé itan mi títí a fi dé. Ọ̀gá kan ní pápákọ̀ òfurufú bi mí pé kí ni. Mo ní dígí ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé kò sí dígí níbi tí mò ń lọ ni.

Ilẹ̀ Nàmíbíà tí mo rí gbẹ ju ohun tí mo lè fẹnu sọ. Kò sí ilé, kò sí igi tó ga, bí mọ́tò bá ń bọ̀ níbẹ̀, eruku rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ rí, ẹ ó sì wò ó títí yóò fi sú yín. Ìrọ̀lẹ́ la dé oko náà. Bàbá arúgbó kan tó ga, tó gbẹ, ló jáde wá pàdé mi. Yohánẹ́ẹ̀sì lorúkọ wọn, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì. Bí mo ṣe rí orí ewú, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá náà rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n sáré dì mí lápá, wọ́n sì pariwo pé kí wọ́n gbé omi wá, òòrùn ti mú obìnrin yìí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló borí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé orúkọ ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó ń gbé tíì kiri, tí kò tíì tó ọmọ ogún ọdún, á kàn dúró á ní, “Yohánẹ́ẹ̀sì, ṣé o máa mu tíì?” Ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Bàbá ni mò ń pè wọ́n. Wọn ò bímọ, wọ́n sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, mi ò ní í tíì pe “Bà” tán kí wọ́n tó dáhùn.

Màmá Hílídà ló ni oko náà, àwọn náà ló ń dáná. Oúnjẹ wọn ni páàpù, tó jọ tùwó àgbàdo, àti ẹran tí wọ́n sun lórí iná. Mo béèrè ẹni tó pa ẹran náà àti bó ṣe pa á, mo sì ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń béèrè. Mo ti ń retí ìjà tàbí ẹ̀rín. Lọ́jọ́ kejì, Màmá Hílídà gbé ọ̀bẹ àti adìẹ kan fún mi, wọ́n ní, “Ṣe é bí Ọlọ́run rẹ ṣe fẹ́ ẹ.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ata nìkan ni kò sí. Èyí tí mo gún dání láti ilé ni mo ń bù jẹ. Mo kìlọ̀ fún Bàbá títí, wọn ò gbọ́, wọ́n bu ṣíbí kan sẹ́nu. Omijé dà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún tọrọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kì í kí ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Mo kí wọn kú ìjókòó, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo kí wọn kú atẹ́gùn, wọ́n kàn ń wò mí. Mo sọ Yorùbá fún adìẹ yẹn kí n tó pa á, nítorí pé n kò rí ẹlòmíràn bá sọ ọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òjò tí kò rọ̀

Alẹ́ mẹ́ta péré ni mo ní. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, èmi àti Bàbá to dígí náà sínú àpótí gígùn tí wọ́n ti fi pákó kàn dè mí, tó máa sọ ọ́ di awò. Òtútù ibẹ̀ ń gé ni létí. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú, mo gbójú sókè sí apá ìlà-oòrùn, mo rí àwọsánmà ńlá kan tó wú, tó funfun, tó ń gòkè bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú àwọsánmà bẹ́ẹ̀. Bó bá yọ láti apá òkun ní Àpápá, ènìyàn á ti máa ká aṣọ lórí okùn. Fàdákà ojú dígí wa kò sì gbọdọ̀ rí omi.

Mo kígbe sí àwọn tó kù pé òjò ń bọ̀ o. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n tún padà sí ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo ní àwọn wọ̀nyí ò mọ iyì nǹkan. Mo yọ dígí mi, mo fi ọ̀rá wé e ní ìlọ́po mẹ́ta, mo gbé e wọ yàrá, mo sì sùn. Inú mi dùn pé ó kéré tán, tèmi ò ní í rẹ.

Láàárọ̀, Bàbá bi mí nídìí tíì pé kí ló dé tí mo fi sá wọlé. Mo ní nítorí òjò ni. Wọ́n ní òjò wo, ó ti tó oṣù díẹ̀ tí òjò ti rọ̀ níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo nawọ́ sí ibi tí àwọsánmà náà ti yọ. Bàbá gbé ife wọn sílẹ̀.

“Sìdíkátù, kì í ṣe àwọsánmà. Agbo ìràwọ̀ tiwa ni.”

Wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Àwọsánmà Èkó ń funfun lóru nítorí pé iná wa ń tàn sí i lábẹ́. Ní oko yẹn, tí kò sí iná, dúdú ni àwọsánmà. Ibi tí ẹ ò bá ti rí ìràwọ̀ lókè ni àwọsánmà wà. Ohun tí mo rí ni gbogbo ìràwọ̀ agbo wa tí wọ́n kóra jọ, tí ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wò ó, èmi tí mo ti Ajégúnlẹ̀ wá wo agbo ìràwọ̀, èyí tí mo kọ́kọ́ bá pàdé, tó tún jẹ́ tiwa fúnra wa, ọ̀rá ni mo fi sá fún un. Mo bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, nítorí pé alẹ́ kan ti lọ nínú mẹ́ta.

Ìgbéraga mi

Ní alẹ́ kejì, mo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo wò ó. Ó nà láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ kan dé ìkejì. Ó mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ọwọ́ ara mi. Mo ń ṣe “Subhanallah” lábẹ́lẹ̀, mi ò mọ iye ìgbà tí mo ṣe é.

Lẹ́yìn náà mo dìde lọ sídìí awò. Agbo àkọ́kọ́ tí mo wá, róbótó ló rí, ìlà dúdú kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá, bí àkàrà tí a fi òwú gé sí méjì. Dígí wa ló fi í hàn mí! Mo fò sókè nínú òtútù yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá nọ́ńbà tí Tísà kọ fún mi, kò sí nǹkan kan. Mo tẹjú mọ́ ibẹ̀ títí ojú mi fi ń ṣomi. Òkùnkùn biribiri. Mo yẹ àwòrán ọ̀nà ojú ọ̀run wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibẹ̀ náà ni. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin orí fóònù yẹn ló ń dún létí mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó tọ̀nà. Mo gbé ìwé funfun wọlé, mi ò sùn dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìgbéraga mi mì, mo sọ fún Bàbá. Wọ́n bi mí pé báwo ni mo ṣe wò ó. Mo ní mo tẹjú mọ́ ọn.

“Ibi tí o ti ṣì í nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Má wò ó lójú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o wò, kí o sì fi ọkàn sí òun fúnra rẹ̀. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, bí o bá wò ó tààrà, ó ti lọ nìyẹn.”

Wọ́n ní ó máa ń pẹ́ kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n ṣe, torí ojú kì í fẹ́ gbọ́, ibi tí nǹkan wà ló ń sáré lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn, kò kọ́ mi ní nǹkan mìíràn nígbà èwe mi. Bí mo bá wo àgbà lójú nígbà tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, ìfọ́tí ni. Èjìká wọn ni mo gbọ́dọ̀ máa wò, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tí n kò rí nínú ohun tí ojú wọn ń sọ. Bí ìyá wa bá ṣẹ́jú láti òdìkejì yàrá, mo gbọ́dọ̀ ti dìde. Mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú ríran láti bí àádọ́ta ọdún.

Alẹ́ kẹta

Mo jókòó sídìí awò bí ẹni jókòó níwájú baba ọkọ. Mo rọ ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mí, mo sì dúró.

Ó yọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò mọ́lẹ̀ ju èémí ènìyàn lórí gíláàsì lọ. Mo wò ó tààrà, ó lọ. Mo yí ojú padà, ó tún dé. Mo mú pẹ́ńsù, mo bẹ̀rẹ̀ sí yà á lábẹ́ iná pupa kékeré tí wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí ìkejì. Nítòsí orí ìlà náà, lápá òkè, nǹkan róbótó kékeré kan wà tí kò sí ẹni tó sọ fún mi nípa rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé àléébù dígí wa ni. Mo rọra gbá àpótí náà pẹ́ẹ́ kí n lè mọ̀ bóyá ìkejì yóò dá dúró bí ìdọ̀tí ojú gíláàsì, àwọn méjèèjì mì pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Bí mo bá yà á, tí kò bá sí níbẹ̀, mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé gíláàsì ọkọ̀ ò dára. Bí mo bá sì fò ó, ta ni yóò mọ̀? Mo gbé pẹ́ńsù dúró lókè pẹ́. Mo rántí ohun tí Tísà wí nípa ọ̀rọ̀ dídùn. Mo yà á.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní òfin kan. Bí ẹnì kan bá ya ohun tí kò dá a lójú, ẹlòmíràn á wá wò ó nínú awò kan náà, á ya tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kankan títí di àárọ̀. Mo pe Bàbá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n yà, wọ́n ká bébà wọn sápò, wọ́n lọ. Èmi tí mo lè bá oníbàárà mẹ́ta ná ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, mo di ẹnu mi mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí.

Gbogbo wọn ló yí tábìlì ká nídìí tíì. Mo tẹ́ bébà mi sílẹ̀, Bàbá tẹ́ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú méjèèjì. Nǹkan róbótó kékeré wà nínú méjèèjì, ní ibì kan náà, nítòsí orí ìlà, lápá òkè. Màmá Hílídà lọ gbé ìwé ńlá tí àwòrán wà nínú rẹ̀. Agbo ìràwọ̀ mìíràn ni kékeré náà, ó súnmọ́ ńlá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú.

“N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀,” ni Bàbá Yohánẹ́ẹ̀sì wí. “Dígí rẹ ló fi hàn mí.”

Mo ké “Alhamdulillahi” tí àwọn ajá oko náà fi bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Mo kúnlẹ̀, Bàbá náà fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún wọn ò gbà, la bá jọ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò bébà méjèèjì, kí wọ́n sì fi sí ẹgbẹ́ orí fóònù níṣojú ọkùnrin yẹn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan tì í. Inú mi dùn kọjá ààlà, mi ò ní í parọ́ fún yín.

Nílé Tísà

Ọjọ́ tí mo dé ni mo lọ bá Tísà Adéníyì. Mo tẹ́ bébà mi síwájú wọn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó, wọn ò yìn mí.

“Ṣé o rí i ni,” wọ́n bi mí, “àbí o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?”

Mo fọwọ́ tọ́ka sí róbótó kékeré náà. Mo ní, “Èyí, ẹ ò kọ ọ́ fún mi, sà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo kàn rí i ni.” Mo sì sọ bí Bàbá ṣe ya tiwọn láìwo tèmi.

Wọ́n gbé bébà náà lé itan. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

“Nígbà tí o wà ní fọ́ọ̀mù kẹrin, o nawọ́ sókè ní kíláàsì. O bi mí bóyá mo ti fojú ara mi rí ọ̀kan nínú ohun tí mò ń yà sójú pátákó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ, Sìdíkátù. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, mi ò fẹ́ kí ojú tì mí.”

N kò rántí rárá. Gbogbo oṣù tí a fi ń yí dúrọ́ọ̀mù yẹn ká, mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ló wu Tísà, mi ò mọ̀ pé gbèsè ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń san fún mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé dígí àwa méjèèjì ni, àwọn náà ti rí i báyìí.

Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní èmi ni mo rí i, àwọn kò tíì rí i, àwọn ò sì ní í pa irọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi ọwọ́ pa orúnkún wọn, wọ́n wo bébà náà, wọ́n tún wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n pe Bàbá Yohánẹ́ẹ̀sì lórí fóònù, kí n bi wọ́n bóyá ẹni tí kò lè dìde dúró pẹ́ lè rí àga jókòó sídìí awò ní oko ọ̀hún.